Arère: Igi tó Gba Àpápá Kọjá

Ẹni tó bá dúró ní Ajégúnlẹ̀, lápá ibi tí omi ìdọ̀tí ti pààlà sáàrin àdúgbò náà àti Àpápá, tó wá kọjú sí ìhà tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́ wá, yóò rí àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù gíga-gíga tó tò lórí erékùṣù Tin Can bí igi tó ti wọ́wé tán nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Igbó irin nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí igbó irin yìí tó hù, igbó gidi, èyí tí Elédùmarè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ti gba ojú omi yìí kan náà kọjá lọ sí òkè òkun, ní gẹdú, ní ìdì-ìdì, láti ọdún dé ọdún; èyí tó sì pọ̀ jù nínú àwọn igi tó bá omi náà lọ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì kì í ṣe ìrókò olúwéré tí gbogbo ayé ń wárí fún, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ògànwó pupa rẹ́súrẹ́sú tí ojú òyìnbó kọ́kọ́ wọ̀ nínú igbó wa. Arère ni. Igi tí àwọn baba wa kò kà kún igi ilé kíkọ́ ni, igi tí gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà tó bá ń wá igi tí yóò bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ láyé. Bí ó sì ṣe di ohun tí ọkọ̀ òkun ń dúró dè ní Àpápá jẹ́ ìtàn tó yẹ kí ọmọ Èkó mọ̀, nítorí pé ara ohun tó sọ Àpápá di Àpápá ni.

Nínú igbó, kò sí ẹni tí yóò rí arère tí yóò pè é ní igi yẹpẹrẹ. Ó lè ga tó mítà 50, èyí tó sì ju ìdajì gíga náà lọ lè wà láìní ẹ̀ka kan ṣoṣo, kó kàn lọ gbọọrọ sókè bí ọ̀pá àṣẹ. Nísàlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta bí ògiri pẹlẹbẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, tí ọdẹ méjì lè sá òjò sáàrin wọn kí ọ̀kan má mọ̀ pé èkejì wà níbẹ̀. Ewé rẹ̀ là bí àtẹ́lẹwọ́ tó ya ìka, ó sì máa ń wọ́ wọn dànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti Sierra Leone títí dé Kóńgò ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ sì ń yí padà bí a bá ti ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn: àwọn ará Gánà ń pè é ní wawa, àwọn ará Ivory Coast ní samba, àwọn ará Cameroon ní ayous, obeche tí àwọn oníṣòwò òyìnbó fi ń ta á kiri ayé, láti ẹnu àwọn ará Ẹdó ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Igi olóòrùn ni arère. Kò fẹ́ràn kí ó dàgbà lábẹ́ òjìji igi mìíràn. Ibi tí àgbẹ̀ bá ti ro oko, tó kó èrè rẹ̀, tó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi, ibẹ̀ ni ó ti máa ń sáré hù, tí í gba ojú sánmà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí arère bá ti pọ̀ nínú igbó kìjikìji lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ènìyàn kan ti gbé ibẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ igbó wa ilẹ̀ ní igbó ọba Òkómù ní ilẹ̀ Ẹdó láàrin àwọn ọdún 1950, èédú àti àpáàdì ìkòkò ni wọ́n bá lábẹ́ àwọn igi ńláńlá tí gbogbo ènìyàn rò pé ọwọ́ ọmọ aráyé kò kàn rí. Ohun tí a ń pè ní igbó àìmọ̀dí, ìgbòrò àwọn baba àwọn baba wa ni, arère sì wà lára àwọn tó jogún rẹ̀.

Ọdún 1900 ni Karl Schumann, onímọ̀ ewéko kan ní Jámánì, fún igi yìí ní orúkọ tí ìwé àwọn onímọ̀ ń pè é títí dòní: Triplochiton scleroxylon. Èdè Gíríìkì ni ó fi hun ún. Ìdajì àkọ́kọ́ ń sọ nípa aṣọ mẹ́ta, nítorí bí òdòdó igi náà ṣe tò ní ìpele-ìpele. Ìdajì kejì ń jẹ́ igi líle. Yorùbá ní orúkọ ní í ro ènìyàn, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kò ro arère rárá, nítorí pé kò sí káfíńtà tí yóò gbé e lé orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò pè é ní líle. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú ìpín tí àwọn òyìnbó onígi pín igi ayé sí. Ewé àti èso ni wọ́n wò. Gbogbo igi tí ewé rẹ̀ gbòòrò ni wọ́n ń pè ní igi líle, gbogbo èyí tí ewé rẹ̀ rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, irú èyí tó ń hù ní ilẹ̀ olótùútù, ni wọ́n ń pè ní igi rírọ̀. Bí igi ṣe rí lójú ayùn kò sí nínú ìṣirò wọn. Báyìí ni arère, tí èékánná lè ta lójú, ṣe bọ́ sáàrin àwọn igi líle pẹ̀lú ẹkì tí í sé àáké lẹ́nu.

Kí n tó fi igbó sílẹ̀, ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ewé rẹ̀, nítorí pé ewé yìí ti bọ́ ènìyàn, ó sì ti pa ènìyàn lára. Kòkòrò kan wà tí àwọn ará wa ń pè ní kánní, tí ó máa ń gun orí arère lọ jẹ ewé rẹ̀ nígbà òjò, ọmọ ìyá sì ni ó jẹ́ fún àwọn kòkòrò tó ń ran òwú tí a fi ń hun sányán, aṣọ tí kò sí ọlọ́jà tí kò mọ iyì rẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn ènìyàn máa ń dín kánní jẹ. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibì kan bí Ìkàrẹ́, nígbà òjò, àwọn tó jẹ ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ tí kò ní èròjà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ara wọn a máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ wọn kò sì ní lè gbé wọn dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lá Adámólékùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1990 pé ohun kan wà nínú kòkòrò náà tó ń ba èròjà fítámì B1 jẹ́ nínú ara. Àwọn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó, ìdí sì nìyí tí mo fi yà sọ ọ́.

Èé ṣe tí àwọn baba wa fi fojú kéré igi tó tóbi tó báyìí? Wọn kò ṣì í wò. Ilé tí wọ́n ń kọ́ nígbà náà, ilẹ̀ ni òpó rẹ̀ ń wọ̀ lọ, òjò ni ń pa ẹnu igi àjà rẹ̀, ikán sì ni ọ̀tá tó ń bá onílé sùn tó ń bá a jí. Arère kò mọ ìjà ikán jà. Bí o bá rì í mọ́lẹ̀, kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi di ìyẹ̀pẹ̀. Bí òjò bá ń pa á láìgbẹ, yóò rà. Bí o bá sì gé e lulẹ̀ sínú igbó tí o ní o ń lọ pe ẹni tí yóò bá ọ gbé e, kí o tó dé, kòkòrò ti lu ihò bí ojú abẹ́rẹ́ sí i lára, àwọ̀ kan bí aró tí a ta sí aṣọ funfun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wọ inú rẹ̀ lọ. Ìrókò, àpá, ayan àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni igi òpó, wọ́n sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn lagílagi, tí ọ̀kan máa ń dúró lórí gẹdú tí èkejì máa ń wà nínú kòtò lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á máa fa ayùn gígùn sókè sódò láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, fẹ́ kí òógùn wọn wọ inú igi tí ẹni tó rà á yóò fi owó tó jọjú san. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó, tí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí a ṣì ń wò níbẹ̀, ọgbọ́n igi tó le tó sì lálòpẹ́ ni wọ́n bá wá. Ta ni yóò ra arère ní àárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó mú arère ṣe aláìwúlò fún òpó ló mú un wúlò fún nǹkan mìíràn. Mítà oníhà mẹ́ta kan tí ó ti gbẹ kì í wọ̀n ju nǹkan bí kílógíráàmù 380 lọ, nígbà tí omi tó kún irú àyè bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n 1,000, tí ẹkì sì wúwo ju omi lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí wàrà tí a ro ẹyin díẹ̀ mọ́, láti èèpo títí dé àárín gbùngbùn, tí o kò fi ní mọ ibi tí ara òde parí sí, tí ọkàn igi ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá tutù, ó ní òórùn kan tí kò dára létí imú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbẹ, òórùn náà á lọ. Ó ń yára gbẹ, àǹfààní ńlá sì nìyẹn fún oníṣòwò. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni pé nígbà tí ó bá ń gbẹ, kì í ló, kì í ya, kì í sì í sún kì bí àwọn igi mìíràn tí o máa fi oṣù mẹ́ta tò sínú ilé tí wọ́n á ti tẹ̀ bí ọrun kí o tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bí ayùn àti irin ìfági bá mú, arère á dán bí ara ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá kú, á máa fọ́ wúruwùru lẹ́nu irin, ojú rẹ̀ á sì rí hàùhàù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá káfíńtà kan ń pọ́n irin rẹ̀ bó ti yẹ, kó fún un ní arère. Ìṣó ń wọ̀ ọ́ láìjà, kì í sì í là á, ṣùgbọ́n kò ní dì í mú dáadáa, nítorí náà ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìṣó nìkan. Àtè ni arère fẹ́ràn, bí o bá fi àtè dáradára pa méjì pọ̀, igi yóò ya kí ojú àtè tó ṣí. Ihò ara rẹ̀ tóbi, nítorí náà kí a tó kun ọ̀dà sí i, a ní láti fi nǹkan dí wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dà yóò mu tán sínú rẹ̀ bí omi tí a dà sínú yanrìn. Àwọn tó ń là á nínú yàrá tí kò ní atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ìyẹ̀fun rẹ̀, ó ń fa ikọ́ efée fún àwọn mìíràn, ó sì ń mú ara àwọn mìíràn yún wọn. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ là á láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ láìfi ohunkóhun bo imú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi aṣọ bo imú yín.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á padà sí ojú omi. Kí ọdún 1914 tó dé, yanrìn tó dí ẹnu òkun Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ọkọ̀ kéékèèké ni ó ń kó ẹrù láàrin Èkó àti Forcados, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń dúró. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n fi kó òkúta da sínú òkun, tí wọ́n fi mọ odi gígùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu náà kí omi lè máa fi agbára ara rẹ̀ gbá yanrìn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yíjú sí Àpápá, ilẹ̀ àwọn ọmọ Àwórì tí ìdílé Ọjọ́rà jẹ́ onílẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1921 ni iṣẹ́ wáàfù bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tó sì di 1926, àyè wà fún ọkọ̀ ńlá mẹ́rin láti fẹ̀gbẹ́ ti ilẹ̀, reluwé sì ń bá wọn kó ẹ̀pà, òwú àti kòkó wá láti òkè. Ní gbogbo àkókò yẹn, ògànwó àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ọkàn oníṣòwò gẹdú wà lára wọn. Arère dúró nínú igbó, ó ń wò wọ́n.

Ogun Àgbáyé Kejì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ìlú òyìnbó ti wó, ilé ti jó, àga àti tábìlì ti di eérú, igi tí wọ́n sì máa ń rí rà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò wọn kò tó mọ́. Wọ́n fẹ́ igi tó pọ̀, tó tọ́, tó fúyẹ́, tó ń yára gbẹ, tí owó rẹ̀ kò sì ga ju ẹnu lọ. Igbó wa kún fún un. Àwọn ìgbà tí a fi fò ó dá nítorí ògànwó wá di ìpamọ́ fún un, tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn oníbàárà dé, ó dúró lójú kan náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó sì tóbi. Igi tó bá tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Láàrin ọdún díẹ̀, arère ti gba iwájú lọ́wọ́ gbogbo àwọn igi yòókù nínú gẹdú tí Nàìjíríà ń tà sí òkè òkun, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì sì wà lára àwọn tó ń rà á jù.

Fífúyẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ tó gbé e dé Àpápá. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, níbi tí igbó ọba Ọmọ́ àti igbó ọba Olúwà wà, ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ kò tó nǹkan nígbà náà, ṣùgbọ́n odò wà, odò sì ń lọ sí ọ̀sà, ọ̀sà ń lọ sí Èkó. Wọ́n á gé arère, wọ́n á gé orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n á lu àmì olówó rẹ̀ àti àmì ẹ̀ṣọ́ igbó ọba sí i lórí, wọ́n á sì fà á dé etídò kí ọjọ́ tó pọ̀, nítorí pé iye ọjọ́ tó bá lò nínú igbó ni iye ọjọ́ tí aró àti kòkòrò fi ń jẹ ẹ́. Bí ó bá ti wọ omi, apá tó rì á bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò, èyí tó yọ sójú omi nìkan ni wọ́n á máa fín lóògùn. Wọ́n á wá fi okùn so wọ́n mọ́ ara wọn ní ìdì gbàràmù-gbaramu, wọ́n á kọ́ àgọ́ kékeré lé e lórí, àwọn atukọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ àti Ìjọ, á gun orí rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò, àdìrò àti ọ̀pá ìtukọ̀, ìrìn àjò á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sà Lẹ́kìí gba Ẹ̀pẹ́ kọjá sí ọ̀sà Èkó. Lórí gẹdú ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń sùn. Bí atẹ́gùn bá dojú kọ wọ́n, wọ́n á dúró. Bí ó bá padà sẹ́yìn wọn, wọ́n á máa lọ.

Ohun kan wà nínú ìrìn àjò yẹn tí mo fẹ́ràn láti máa ronú lé. Ẹkì, tó le tó sì níyì, tí wọ́n fi ń ṣe afárá àti ẹsẹ̀ wáàfù fúnra rẹ̀, kò lè dá lọ sí Èkó. Rírì ni í rì. Bí olówó rẹ̀ bá fẹ́ kó dé ọjà, àárín àwọn igi tó fúyẹ́ bí arère ni wọ́n máa so ó mọ́, kí àwọn wọ̀nyẹn lè gbé e pọ̀n bí ìyá ti ń pọn ọmọ. Igi tí a kò kà sí ló gbé igi tí a ń bu ọlá fún dé èbúté.

Apá kan nínú gẹdú yìí yà sí Èbúté Mẹ́ta, lọ́dọ̀ àwọn onísọ́míìlì tó wà ní Òkóbàbà, níbi tí wọ́n ti ń là á sí pákó fún ilé tiwa. Apá kejì kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òkun. Orí omi ni wọ́n máa ń gbà á sókè: wọ́n á fi igi tó léfòó náà ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ọkùnrin tó mọ omi á bẹ́ lé e, á rìn lórí igi tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi ṣéènì yí i lọ́rùn, á fò kúrò, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ á sì fà á sókè tí omi á máa ro lára rẹ̀ tó-tó-tó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ sáàrin gẹdú méjì kò rí àyè pariwo. Iṣẹ́ ọkùnrin ni, owó rẹ̀ sì kéré sí ewu rẹ̀.

Níbo ni irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ń sùn? Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá fún èbúté, ilé iṣẹ́ àti ibùgbé àwọn ọ̀gá, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní láti kó lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lọ tẹ̀dó sí òdìkejì, ní Ajégúnlẹ̀. Orúkọ àdúgbò náà jọ ọ̀rọ̀ ẹnu atukọ̀: ajé gúnlẹ̀ síhìn-ín bí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ sí etí omi. Àwọn Ìlàjẹ tó bá gẹdú wá dúró, àwọn Ìjọ dúró, àwọn Urhobo, Ìgbò, Haúsá àti àwọn ọmọ Yorùbá láti gbogbo ẹkùn wá bá wọn, wáàfù sì ń gba ọ̀pọ̀ nínú wọn sí iṣẹ́ láàárọ̀, tó ń tú wọn sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ilé wọn àkọ́kọ́, pákó ni ọ̀pọ̀ jẹ́. Bí o bá wo ara ògiri ilé pákó tó ṣẹ́kù ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ní apá ibi tí òjò kò ti pa á, o lè rí àwọ̀ wàrà yẹn lábẹ́ èéfín.

Òkè òkun kò jẹ́ kí arère ṣòfò. Wọ́n bó o bí ẹni ń bó ọsàn, wọ́n tẹ́ ìwé rẹ̀ lé ara wọn pẹ̀lú àtè, ó di pláíwúùdù. Àwa náà kọ́ ọ ní Sapele, níbi tí ilé iṣẹ́ African Timber and Plywood, tó jẹ́ ti United Africa Company, ti ń bó igi láti ìparí àwọn ọdún 1940. Wọ́n fi ṣe ìdí àti ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀, inú àga tí aṣọ bò mọ́lẹ̀, férémù àwòrán àti ọnà ara ògiri. Ní ilẹ̀ olótùútù bí Fínlándì, níbi tí wọ́n ti ń jókòó sínú yàrá gbígbóná fi lààgùn, arère wà lára igi tí wọ́n fẹ́ràn láti fi ṣe ìjókòó níbẹ̀, nítorí pé bí yàrá ti gbóná tó, igi yìí kì í jó ìdí ẹni tó jókòó lé e. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké fún eré tẹ́ ìwé rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára apá ọkọ̀ náà kó lè fò. Nítòsí wa níhìn-ín, àwọn apẹja Gánà ti ń gbẹ́ ọkọ̀ òkun wọn láti inú odindi igi wawa kan, ọkọ̀ irú bẹ́ẹ̀ sì ti rìn létí òkun títí dé Tógò àti Benin. Nílé tiwa, pósí, àjà ilé, àpótí ẹrù, àti pákó tí àwọn bíríkìlà fi ń dá ojú kọnkéré dúró títí yóò fi gan, a ti fi arère ṣe gbogbo wọn.

Kọnkéré yẹn ni ó sì mú ìtàn yìí dé erékùṣù Tin Can. Owó epo rọ̀pìpì sọ́wọ́ ìjọba lẹ́yìn ọdún 1973, gbogbo ayé sì fẹ́ kọ́lé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di 1975, ìjọba ti ṣe àdéhùn sìmẹ́ǹtì tó pọ̀ ju ohun tí Àpápá lè gbà ní ọ̀pọ̀ ọdún lọ, ọkọ̀ òkun tó ju 400 lọ sì tò sójú òkun Èkó, tí wọ́n ń dúró de àyè, tí sìmẹ́ǹtì ń di òkúta nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ìtìjú náà kan gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìdáhùn ìjọba ni pé kí wọ́n kọ́ èbúté mìíràn kíákíá sí ìwọ̀ oòrùn Àpápá: iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1977, wọ́n ṣí èbúté erékùṣù Tin Can.

Ní àárín àwọn ọdún 1970 yìí kan náà, nígbà tí ìkọ́lé ilẹ̀ wa ń jẹ igi bí iná ọyẹ́, ìjọba fi òfin de títa gẹdú tí a kò là sí òkè òkun. Nítorí náà Tin Can kò bá arère ní ọjọ́ ọlá rẹ̀. Àpápá ló rí i. Àbúrò rẹ̀ dé nígbà tí ọjà ti túká. Ohun tí Tin Can mọ̀ ni ọkọ̀ tòkúnbọ̀, kọ̀ńténà, àti pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti àtè tẹ̀ pọ̀ ní ìlú òkèèrè, tí àwọn káfíńtà wa ń rà láti fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Pákó yẹn dán, ó sì tọ́, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, á wú bí búrẹ́dì. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà káfíńtà kan ní Ajégúnlẹ̀, tó ń fi pákó tí wọ́n fi tẹ́ abẹ́ ẹrù òkèèrè ṣe àpótí, tó sọ fún mi pé arère dára ju gbogbo wọn lọ fún dúrọ́ọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi tó sì tọ́ ti wọ́n.

Ó wọ́n nítorí pé a gé e, a kò sì gbìn ín. Nínú igbó ọba Ọmọ́ àti Olúwà, ilẹ̀ tó gbòòrò ni wọ́n ṣán láti àwọn ọdún 1960, gmelina tí a kó wá láti ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n sì gbìn rọ́pò, kí igi rẹ̀ lè di ìwé ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Ìwópin. Ilé iṣẹ́ náà kò gbérí bí a ti rò. Gmelina dára, n kò bú u, ó sì ti bọ́ ọ̀pọ̀ onísọ́míìlì. Ṣùgbọ́n a fi igi tí ayé ń wá wá sọ́dọ̀ wa tọrẹ nítorí ìwé tí a kò rí tẹ̀ tó.

Ìṣòro kan wà tó dájú nínú gbígbin arère: kì í so lọ́dọọdún, bí ó bá sì so, èso rẹ̀ kì í pẹ́ kú, kòkòrò sì ń bá a jà lórí igi. Ẹni tó bá ń retí irúgbìn rẹ̀ lè fi ọdún púpọ̀ wo orí igi lásán. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ igbó ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Scotland, fi hàn pé a lè gé ẹ̀ka tuntun lára ọmọ arère, kí a rì í sínú yanrìn tútù, kó ta gbòǹgbò bí ẹ̀gẹ́, àti pé a lè yan ọmọ tí yóò tọ́ tí yóò sì yára ga. Ọgbọ́n náà wà. Ọwọ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí wà lára àwọn tó wá a rí.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ igbó ọba ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ àti Òṣogbo, ọwọ́ yín ni a ń wò. Nígbà tí ẹ bá tún jókòó láti yan igi tí ẹ ó gbìn sórí ilẹ̀ tí a ti gé igbó rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tún jẹ́ igi àlejò nìkan. Ẹ ka arère mọ́ ọn. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ní ìgbòrò tí ẹ kò ní padà sí ní ogún ọdún, ẹ bèèrè ọmọ igi rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.